Ìyá tí N Kò Kà Mọ́ Òǹkàwé

Ilé ìkàwé tí mo ń tọ́jú nílùú Ẹdẹ kò tóbi. Yàrá gbọọrọ kan ni, tábìlì mẹ́rin, fáànù méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń yí nígbà tó bá wù ú, àti pẹpẹ ìwé tó yí ògiri ká. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú kan ló dá a sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn wà nílé, àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ wà lókè òkun. Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà níléèwé, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ẹnìkan bá pè mí ní ìyá tó ń ṣílẹ̀kùn láíbìrì, inú mi kì í dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè yé yín. Àwọn èèyàn wa kì í sábà yá ìwé lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ yá ìwé gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, kí onídùúró náà sì fọwọ́ síwèé, ta ló sì fẹ́ máa bẹ èèyàn kiri nítorí ìwé? Orí tábìlì ni wọ́n ti ń kà á. Nítorí náà la ṣe kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má dá ìwé padà sórí pẹpẹ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ sórí tábìlì. Tí a bá fẹ́ tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ mi ni láti fa ilà kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà lórí tábìlì sínú ìwé ńlá kan, lábẹ́ orúkọ pẹpẹ tó ti wá, kí n tó tò ó padà. Ìwé tábìlì la ń pè é. Yàtọ̀ sí i, kò sí ohun mìíràn tó lè sọ ohun tí àwọn ará ìlú ń kà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fa ilà náà dáadáa. Lọ́dún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé padà ná kí n tó rántí ilà, torí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí àdúgbò mi kì í pẹ́ kún nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ Jímọ̀, tí gbogbo ibẹ̀ bá dá nítorí ìrun, kí n tó jókòó fa ilà gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀lẹ nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń gba ẹ̀dà ìwé tábìlì lọ́dọọdún, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìwé gidi ni Ẹdẹ ń kà. Mo fa ilà tó pọ̀ sábẹ́ sáyẹ́ǹsì, mo fa sábẹ́ òfin, mo fa sábẹ́ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì. Pẹpẹ kan wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni a to ìwé ẹ̀kọ́ àgbà sí, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́fà tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, èyí tí àgbàlagbà tí kò lọ síléèwé fi ń kọ́ a b d. N kò fa ilà kankan síbẹ̀. Mo rò pé ohun ìtìjú ni kí wọ́n gbọ́ lókè òkun pé a b d la ṣì ń kà.

Bẹ́ẹ̀, ẹnìkan wà tó ń kà á. Ìyá kan ni láti Alajue, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé gààrí wá sí Ẹdẹ, tó bá sì ti tà á tán, á yà lọ́dọ̀ wa. Á bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi pé mọ́ṣáláṣí ló ń wọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, mo rò pé omi ló fẹ́ bu mu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà," ó ní. "Wọ́n ní ẹ ní ìwé àgbà."

Mo nawọ́ sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ láì dìde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ìkíní, ó fi ọwọ́ pa á lára. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun àti ìwé àjákọ kan tó ń gbé sínú náílọ́ọ̀nù. Ẹnu rẹ̀ a máa mì pẹ́pẹ́ bó ṣe ń kà á. Ọmọ tó ń kàwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa fojú kan án, èmi náà a sì máa fojú kan ọmọ yẹn kó lè gbájú mọ́ tirẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ìwé kẹfà, àìsàn kan ṣe é, àìsàn náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ lọ. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń ránṣọ ní Ìlọrin, ó ti wà nílé ọkọ.

"Ó ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin," ìyá náà sọ fún mi. "Á gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ń gbọ́ tirẹ̀, òun ò lè gbọ́ tèmi. Àfi kí n kọ ọ́."

Aya aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a kọ èsì. Obìnrin náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó bá kọ láàárọ̀, etí odò ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́sàn-án. "Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ọmọ mi, ṣé ó yẹ kó gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá?" Ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní Alajue ti tú ká, ìwé kejì ló sì bá wọn dé nígbà náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá. Ohun tó ń ṣe ni pé á ṣa ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ lò láti inú ìwé wa, á dà á kọ sínú ìwé àjákọ rẹ̀, á wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó ti dé ìwé kẹrin lọ́jọ́ tó wá bá mi lórí àga mi, tó ní kí n gbọ́ nǹkan kan. Ó ti fúnra rẹ̀ kọ "Ṣé o ti jẹun?" sí ọmọ rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ló tẹ̀ fún mi, ohùn tó ń lọ sókè sódò díẹ̀, bíi ti ẹni tí kì í gbọ́ ara rẹ̀: "Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Ẹ̀yin gan-an?" Ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo di ọwọ́ ìyá náà mú.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, mo jókòó, mo fa ilà mẹ́jọ sábẹ́ sáyẹ́ǹsì, mo fa mẹ́rin sábẹ́ òfin, n kò fa kankan sábẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó wà lókè òkun kọ̀wé pé àwọn ìwé tuntun ń bọ̀, àyè kò sì sí lórí pẹpẹ. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI. Á ka gbogbo àkọsílẹ̀ wa, á sì sọ ìwé tí a lè mú kúrò fún wa. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé kò fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Alága wa, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ pé a kì í gba àlejò sínú yàrá kí a tó bi í ní orúkọ. Wọ́n ní kí èmi yẹ ẹ̀rọ náà wò.

Kí n má purọ́, mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Mo kọ ìbéèrè kún ewé fúúsìkaàpù kan, tojú tẹ̀yìn. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí, kí ló sì fi kọ́ ọ? Níbo ni orúkọ àwọn òǹkàwé wa ń lọ? Ṣé ó gbọ́ Yorùbá, àbí ó kàn ń díbọ́n? Tó bá ṣàṣìṣe, ta la máa mú? Ọkùnrin tó wá gbé ètò náà kalẹ̀, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nínú ìlú, jókòó síwájú ìgbìmọ̀, mo sì ń da ìbéèrè bò ó. Mo ní kó fún ẹ̀rọ náà ní àwọn ìwé Yorùbá kan kó pín wọn sí pẹpẹ. Ó gbé ìwé nípa iṣu lọ sáàárín ìwé àdúrà. Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, alága sì wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó gba ipò kìíní. Èmi ni mo dábàá òfin tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, pé ẹ̀rọ lè dámọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìwé kankan kò ní jáde àfi tí èèyàn bá dé ibi pẹpẹ, tó wò ó, tó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n ní èmi ni kí n jẹ́ èèyàn náà.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọkùnrin yẹn bi èmi náà ní ìbéèrè kan. Ọ̀wọ̀ ló fi bi í.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìwé tábìlì yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ohun tí ẹ bá fún ẹ̀rọ yìí ló máa gbà gbọ́ o, kò lè mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìgbà tí mo ti ń ṣe ìwé tábìlì," mo dá a lóhùn, "ìwọ ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Ìbéèrè yẹn nìkan ló yẹ kí ẹnikẹ́ni bi lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì pa á.

Ewé mẹ́ta ni àkójọ ìwé tó lè kúrò tí ẹ̀rọ náà ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó tì í. Ní ewé kejì ni mo ti rí i: "Ìwé ẹ̀kọ́ àgbà, mẹ́fà. Kò sí ẹni tó lò wọ́n láti ọdún méjì." Mo gbójú sókè, mo wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí n kò bá fẹ́ kí ìwé kan lọ, àyè wà níwájú rẹ̀ tí mo máa kọ ìdí sí. Kí ni mo fẹ́ kọ? Pé ẹnìkan ń kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Wọ́n á bi mí ìdí tí kò fi sí nínú ìwé tábìlì. Tí wọ́n bá sì yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n á yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Mo fọwọ́ síwèé. N kò dé ibi pẹpẹ. Mo sọ fún ara mi pé màá rọra yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn kí oníbébà tó ń ra ìwé àlòkù tó wá kó àwọn tó kù. Lọ́jọ́ tí oníbébà wá, mo wà nílùú Ara, níbi ìsìnkú ìbátan mi. Mo ti gbàgbé. Ìwé tí mo mọ ohun tó jẹ́ fún ẹnìkan, mo gbàgbé rẹ̀ bí ẹni gbàgbé agboòrùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá náà dé, ó bọ́ bàtà, ó lọ síbi pẹpẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo orí tábìlì àwọn ẹlòmíì bóyá ẹnìkan mú un. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi.

"Tíṣà, n ò rí ìwé mi."

Àkókò nìyẹn fún òtítọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ̀rọ ló kó wọn, Màmá. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá yẹn, òun ló ní ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n."

Ó wo pẹpẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èmi ńkọ́? Ṣé kò rí mi ni?"

"Kò lójú, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òótọ́ ni, irin ni. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣe àmín.

Mo lọ bá oníbébà. Ó ní Òṣogbo lòun kó gbogbo rẹ̀ lọ, pé wọ́n á ti pín in fún àwọn tó ń pọ́n ẹ̀pà. Mo wá irú ìwé náà kiri ilé ìtàwé ní Ẹdẹ àti Òṣogbo. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́, tọmọdé ni wọ́n ní.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ gbọ́ pé òǹkàwé kan ń wá ìwé tí kò rí, wọ́n tún jókòó. Inú bí alága. Ó ní ohun tí òun ń bẹ̀rù nìyí, ẹ̀rọ òyìnbó kò mọ èèyàn wa. Kò sí ẹni tó bi èmi tí mo fọwọ́ síwèé ní ohunkóhun. Wọ́n pe ọkùnrin kọ̀ǹpútà kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ìwé tábìlì, ó sì ń ṣí i ní ewé kan sí èkejì níwájú mi. Mo rí ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí. Ọjọ́ Iléyá ni. A ti ilé ìkàwé pa lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo ìlú ló mọ̀. Síbẹ̀ ilà mọ́kànlá wà níbẹ̀, bíró kan náà, ìtẹ̀sí kan náà pẹ̀lú ti ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀ àti ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ó gbójú sókè wò mí. Ó wá pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó gbé e síwájú mi, ó kọjú sí alága, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bóyá bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ ni kò dáa tó." Ó ní òun tọrọ àforíjì. Alága bá a wí bí ọmọ iléèwé. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé ẹ̀rọ náà kò yẹ fún ilé ìkàwé wa. Ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú mi fi aṣọ bò mí lójú ọjà, mo sì fi aṣọ náà wéra.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí n kò fẹ́ fi pamọ́. Tíṣà kan láti ìlú Awo, tó fẹ́ dá ilé ìkàwé sílẹ̀ ní iléèwé rẹ̀, gbọ́ nípa ìbéèrè mi, ó wá gba ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní bó ṣe yẹ kí gbogbo ilé ìkàwé ṣe nìyẹn kí wọ́n tó gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo fún un. N kò sọ fún un pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ sórí tábìlì, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé fúúsìkaàpù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà kò wá mọ́. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá. Mo ra ìwé a b d ọmọdé kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Alajue. Mo bá a níbi tó ti ń yan gààrí. Ó fa àpótí fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí èéfín kó sí mi lójú. Mo fún un ní ìwé náà. Ó wo àwòrán ọmọ tó gbé báàgì sẹ́yìn lójú ìwé, ó ní, "Tọmọdé nìyí," ó sì gbé e sórí itan rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ó dáa tí ẹ wá," ó ní. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn yẹn ni: "Ìyá mi, ẹ ò fọwọ́ ara yín kọ̀wé sí mi mọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ aya aládùúgbò yín yàtọ̀ sí tiyín. Látìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi fún yín ni. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ sọ fún mi."

"Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé àjákọ mi ò tó èyí tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn," ìyá náà sọ. "N ò sì lè gbé e fún obìnrin yẹn. Ẹ bá mi kọ ọ́, tíṣà. Ẹ ní n ò bínú. Ẹ ní ẹ̀rọ ló kó ìwé tí mo fi ń kọ́ ọ."

Mo gba fóònù náà. Ojo ni mí, ìka nìkan ni mo fi lè sọ ọ́. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí: "Ìyá rẹ kò bínú sí ọ. Èmi tí mo ń tọ́jú ilé ìkàwé ni mo jẹ́ kí wọ́n kó ìwé rẹ̀ lọ. Mò ń rí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi." Mo dá fóònù padà fún un.

Mo rò pé á kàn fi ránṣẹ́. Ó ní rárá, òun á kọ́kọ́ kà á. Ó fi ìka sí i, ó ń kà á sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ní ẹyọ ẹyọ. "Ì-yá. Rẹ. Kò. Bí-nú." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "È-mi. Tí. Mo. Ń." Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ títí ó fi dé "kó ìwé rẹ̀ lọ." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti "Èmi." Gààrí ń rùn lórí iná, kò sì wò ó. N kò lè ràn án lọ́wọ́, n kò lè gba fóònù náà, àfi kí n jókòó kí ó kà á dé òpin.

"Ọdún méjì tí mo ti ń wá," ó ní nígbà tó kà á tán.

"Ọdún méjì, Màmá."

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún."

Ó tún wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ó gbé ìwé ọmọdé náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó wá dìde lọ ro gààrí rẹ̀.